Ohun Tí Ọwọ́ Géèjì Ìgbóná Ọkọ̀ Kì Í Sọ

Lára àwọn géèjì tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ti ìgbóná ẹ́ńjìnnì ni awakọ̀ ń fojú fò jù. Géèjì epo là ń wò tìtorí owó. Ti eré là ń wò bí a bá rí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lọ́ọ̀ọ́kán. Ti ìgbóná, èyí tí wọ́n kọ C sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n kọ H sí òkè, kì í kúrò lójú kan láti àárọ̀ dalẹ́, ojú wa sì ti mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ò mọ̀ ni pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ojú kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń gùn lónìí, ọwọ́ tó wà láàárín kò sọ fún yín bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Ohun tó ń sọ kò ju pé ọ̀rọ̀ ò tíì bàjẹ́ tán. Owó ẹ́ńjìnnì ló wà nínú ìyàtọ̀ yẹn.

Sẹ́ńsọ̀ tó ti orí bọ omi

Epo tó ń jó nínú sílíńdà máa ń mú ooru tó pọ̀ wá, bí kò bá sì sí ohun tó ń kó ooru náà kúrò, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, á sì há mọ́ra. Omi ló ń kó o, tàbí kúláǹtì, ìyẹn omi tí wọ́n po mọ́ glycol àti oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Wọ́tà pọ́ńpù á máa tì í yí inú ẹ́ńjìnnì ká, á gba họ́ọ̀sì òkè jáde lọ sínú rẹdiétọ̀, afẹ́fẹ́ á tù ú níbẹ̀, á sì gba họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ padà.

Lẹ́bàá ibi tí omi gbígbóná ti ń jáde, irin idẹ kan wà tí kò tó ìka ọwọ́, tí wọ́n yí wọ ara ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń yí bóòtù. Orí rẹ̀ wà nínú omi, wáyà sì so mọ́ ìdí rẹ̀ níta. Sẹ́ńsọ̀ nìyẹn. Nínú orí yẹn, wọ́n fi ègé kékeré kan sí i tí wọ́n fi èròjà irin bíi manganese àti nickel ṣe, ìwà ègé yìí sì yàtọ̀ sí ti wáyà tí a mọ̀. Wáyà bàbà, bó bá ṣe ń gbóná sí i ni iná ṣe ń ṣòro láti gba inú rẹ̀ kọjá. Ti ègé yìí, bó bá ṣe ń gbóná ló ń yà fún iná. Ẹ fi mítà wọn èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ Toyota ní àárọ̀ ọyẹ́, tí ara rẹ̀ wà ní nǹkan bí 20°C: ẹ máa bá a láàárín 2,000 sí 3,000 ohm. Bí omi bá ti gbóná dé 80°C, kò ní ju nǹkan bí 300 ohm lọ mọ́.

Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á fi iná fóltì 5 ránṣẹ́ sí sẹ́ńsọ̀ náà, á wo iye tó dúró lórí wáyà, á sì fi ṣírò bí omi ṣe gbóná tó. Ìṣirò yẹn ló fi ń pinnu iye epo tí yóò fún ẹ́ńjìnnì, ìgbà tí iná púlọ́ọ̀gì yóò ṣẹ́, ìgbà tí fáànù yóò yí, àti bóyá kí ẹ̀rọ amúlétutù ṣì máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn gbogbo ìwọ̀nyí ló tó rántí awakọ̀, tí yóò sì gbé ọwọ́ géèjì síbi tó bá fẹ́ kó wà.

Nínú ọkọ̀ ayé àtijọ́, irú Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná, kò sí kọ̀ǹpútà kankan láàárín. Wáyà kan ṣoṣo ló ti ara géèjì wá sí sẹ́ńsọ̀, ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló sì ń dá iná padà sí bátìrì. Ríwáyà tó mọṣẹ́ á yọ wáyà yẹn, ọwọ́ á já sí C. Á fi ẹnu wáyà náà kan irin ẹ́ńjìnnì fẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ á fò dé H. Bí méjèèjì bá ṣẹlẹ̀, géèjì àti wáyà ò ní àrùn. Bí àrùn bá wà, ìdí sẹ́ńsọ̀ ni kó wò. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń fi sẹ́ńsọ̀ tuntun sí irú ọkọ̀ yìí, wọ́n á wé téèpù funfun tí àwọn púlọ́ńbà ń lò mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí omi má baà jò. Omi ò ní jò lóòótọ́, ṣùgbọ́n téèpù yẹn lè dí iná lọ́nà padà sí ara ẹ́ńjìnnì, géèjì á sì máa sọ pé ẹ́ńjìnnì tutù ju bó ṣe wà lọ.

Nígbà tí géèjì wà lórí imú ọkọ̀

Ìta ni géèjì yìí wà kó tó wọlé. Ọdún 1912 ni ará Amẹ́ríkà kan, Harrison Boyce, gba ìwé àṣẹ lórí ohun tí ayé wá mọ̀ sí Boyce MotoMeter: ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná tí wọ́n rì mọ́ ìdérí rẹdiétọ̀ ní imú ọkọ̀ pátápátá, tí awakọ̀ á máa tẹjú mọ́ láti ìdí sítíárì bí àmì pupa inú rẹ̀ ṣe ń gòkè. Oru tó wà lórí omi ló ń wọ̀n, kò kan omi gan-an. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé géèjì wọ inú ọkọ̀, pẹ̀lú páìpù idẹ tín-ínrín tó gùn láti ẹ́ńjìnnì dé dáṣíbọ́ọ̀dù, tí oògùn ether tó wà nínú rẹ̀ ń wú bó bá gbóná, tó sì ń na páìpù kan tó tẹ̀ kọrọdọ, tó gbé ọwọ́ dání. Eugène Bourdon ará Faransé ló ti ṣe irú páìpù bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń fi oru omi ṣiṣẹ́ láti 1849. Àwọn katakata kan ṣì ń lò ó títí dòní. Bí páìpù náà bá fi lè sán, ether á tú dànù, ó parí.

Volkswagen Ìjàpá kò ní géèjì yìí rárá, kò sì ṣe àṣìṣe: afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kò ní rẹdiétọ̀, kò ní omi tí ẹnikẹ́ni fẹ́ wọ̀n.

Ìdí tí ọwọ́ kì í fi mira

Géèjì àtijọ́ kì í bo nǹkan mọ́ra. Bí ẹ bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ọwọ́ á gòkè. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, á rẹ̀ wálẹ̀. Bí ẹ bá kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, á tún gbéra. Kò sì sí ohun tó burú ńbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ le lè wà ní 85°C lójú ọ̀nà tó ń tú, kó sì dé 100°C níbi tí ọkọ̀ ti dúró sójú kan nínú oòrùn. Àwọn oníbàárà ni kò fara mọ́ ọn. Ọwọ́ á mira díẹ̀, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á sì gbé ọkọ̀ tí nǹkankan ò ṣe padà lọ bá ẹni tó tà á fún wọn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá dé àárín sẹ́ńsọ̀ àti géèjì, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ rí ọ̀nà láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ báyìí, láti nǹkan bí 75°C títí dé nǹkan bí 105°C, ojú kan náà ni ọwọ́ yóò wà. Ìwọ̀n náà yàtọ̀ láti ọkọ̀ sí ọkọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Lójú tèmi, ẹ̀tàn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ wo ẹni tí omi ọkọ̀ rẹ̀ máa ń wà ní 88°C tẹ́lẹ̀. Ìdọ̀tí ti dí ìdajì ojú rẹdiétọ̀ rẹ̀, fáànù rẹ̀ kan ò yí dáadáa mọ́, omi rẹ̀ sì ti ń dé 103°C ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ní Ọ̀jọ́ta. Ọwọ́ géèjì ò yẹ̀ ní ìwọ̀n irun kan. Ní ọjọ́ tí ọwọ́ náà bá wá kúrò láàárín, ó ti kọjá ibi tí à ń pè ní "ó gbóná díẹ̀"; kò sì ní pẹ́ kó tó dé H. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi máa ń búra pé ó yá òun lẹ́nu, pé kò gbóná tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdérí rẹdiétọ̀ tún wà ńbẹ̀. Omi lásán ń hó ní 100°C. Ìdérí tó dára ló ń tẹ omi náà mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò tí ìyàwó ilé gbé òkúta lé, tí kò fi ní tètè hó. Lára ìdérí fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti kọ agbára rẹ̀: 0.9 tàbí 1.1 ni ẹ máa sábà rí. Pẹ̀lú 1.1 tí rọ́bà rẹ̀ ṣì dára, omi lásán ò ní hó títí yóò fi dé nǹkan bí 120°C, kúláǹtì tí wọ́n pò mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì á sì kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹ wá ronú ọkọ̀ tí omi inú ọ̀rá ló wà nínú rẹdiétọ̀ rẹ̀, tí rọ́bà ìdérí rẹ̀ sì ti sán. Omi yẹn á hó ní 100°C. Ní 100°C, ọwọ́ géèjì ṣì wà láàárín gédégbé. Ẹ́ńjìnnì ń hó, géèjì ń sọ pé àlàáfíà ni, bẹ́ẹ̀ irọ́ kọ́ ló ń pa gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìdérí tuntun ò wọ́n. N kò mọ ohun tó ń jẹ́ kí ènìyàn máa lò ó títí yóò fi dípẹtà.

Tẹ́mọ́sítáàtì tí wọ́n yọ dànù

Bí ọkọ̀ bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan, ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń ṣe fún un ní ọgbà mẹkáníìkì. Wọ́n á yọ tẹ́mọ́sítáàtì, wọ́n á sì so fáànù ní dáríẹ́ẹ̀tì, kó lè máa yí láti ìgbà tí a bá ti ṣíná ọkọ̀. Àwọn tó ń ṣe é ní ìdáláre kan: wọ́n ní ilẹ̀ wa ti gbóná jù, pé òyìnbó tó wà nínú yìnyín ló nílò tẹ́mọ́sítáàtì.

Iṣẹ́ tẹ́mọ́sítáàtì ni kó dí ọ̀nà omi sí rẹdiétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó bó ṣe yẹ. Ìda tó wà nínú rẹ̀ á yọ́, á wú, á sì ti ilẹ̀kùn ṣí; nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nǹkan bí 82°C ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bí kò bá sí níbẹ̀, omi á máa lọ sí rẹdiétọ̀ láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ní ojú ọ̀nà tó ń tú, ọwọ́ géèjì lè má dé àárín láé. Kọ̀ǹpútà á gbà pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á sì máa fún un lépo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Owó epo á lọ sókè. Epo tí kò jó tán á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, ẹ́ńjìnnì á máa jẹ ara rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò kàn án, P0128 ló máa ń jáde.

Èyí tó burú jù ni pé yíyọ ọ́ lè má tilẹ̀ mú kí ọkọ̀ tutù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, ọ̀nà méjì ni tẹ́mọ́sítáàtì ń ṣọ́. Bó bá ti ń ṣí ọ̀nà rẹdiétọ̀ ló ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi gbígbóná ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láìtutù. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn á wà ní ṣíṣí títí láé. Omi gbígbóná á máa gba ibẹ̀ yí po, rẹdiétọ̀ á sì máa gba ìwọ̀nba.

Ti fáànù dáríẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń bàjẹ́ níbẹ̀ fara sin. Fáànù tó ń tan ara rẹ̀ tó sì ń pa ara rẹ̀ ń jẹ́rìí pé sẹ́ńsọ̀ àti kọ̀ǹpútà ń gbọ́ ara wọn. Bí ẹ bá ti so ó, ẹ ti pa ẹlẹ́rìí yẹn lẹ́nu mọ́. Ọjọ́ tí fáànù náà bá kú, ìgbà tí ooru bá jáde ní bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ ó tó mọ̀.

Bí ọwọ́ bá já wálẹ̀ lójijì

Èyí ló máa ń pa ẹ́ńjìnnì àwọn ènìyàn tí kì í ṣe aláìbìkítà rárá. Ọkọ̀ ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà Òrè, ọwọ́ géèjì gòkè, awakọ̀ fẹ́ wá ibi dúró sí, ni ọwọ́ bá tún rọra sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí C. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó tẹ iná mọ́ ọn.

Ẹ rántí pé omi ni sẹ́ńsọ̀ ti orí bọ̀. Bí họ́ọ̀sì bá bẹ́ tí omi sì gbẹ, orí sẹ́ńsọ̀ á wà nínú afẹ́fẹ́ lásán, afẹ́fẹ́ ò sì lè gbé ooru fún un bí omi ṣe ń gbé e. Irin ẹ́ńjìnnì lè ti gbóná débi pé ó ń ká kò, kí sẹ́ńsọ̀ máa sọ pé kò sí nǹkan kan. Ọwọ́ tó gòkè tó sì já wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ dúró, láìjẹ́ pé ẹ ṣe ohunkóhun, ẹ kà á sí H. Àmì méjì mìíràn lè tètè tú u fó: bí ẹ bá ṣí ooru inú ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ tútù ń ti ibẹ̀ jáde, omi ti lọ nìyẹn; bí ẹ̀rọ amúlétutù bá sì dá iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lójijì, ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ti pa á láti gba ẹ́ńjìnnì là kí ọwọ́ géèjì tó sọ ohunkóhun.

Bí ọwọ́ bá gòkè

Ẹ pa amúlétutù. Ẹ ṣí ooru inú ọkọ̀ dé òpin, pẹ̀lú fáànù rẹ̀, kí ẹ sì ṣí fèrèsé. Ìyà díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n rẹdiétọ̀ kékeré kan ló wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń bá ti iwájú gba ooru kúrò. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ títì ní kíákíá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì gbé C-caution sẹ́yìn ọkọ̀. Kìlómítà kan tí ẹ bá fi kún un nítorí pé ilé ò jìnnà mọ́ lè tó láti mú kí orí ẹ́ńjìnnì, tí alumíníọ̀mù ni púpọ̀ rẹ̀, tẹ̀. Orí tó tẹ̀ ò ní lè di gásíkẹ́ẹ̀tì mú mọ́. Omi á máa wọ inú ọ́ìlì, ẹ ó sì rí i lára igi tí a fi ń wọn ọ́ìlì, tí ọ́ìlì á funfun bí tíì tí wọ́n bu mílíìkì púpọ̀ sí.

Ẹ má ṣí ìdérí rẹdiétọ̀. Omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè ti ju 100°C lọ, agbára ìdérí nìkan ni kò jẹ́ kó hó. Ẹ ṣí i, á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tú jáde pẹ̀lú oru, ojú àti àyà yín ló máa gbà á. Ẹ dúró tó ìdajì wákàtí, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ẹ ó fi lè fọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì òkè tí yóò sì rọ̀. Nígbà yẹn, ẹ fi aṣọ tó nípọn bò ó, ẹ yí i díẹ̀ kí oru tó kù jáde, kí ẹ tó wá yí i kúrò. Àwọn ọmọ tó ń ta omi lójú títì á ti dé pẹ̀lú ọ̀rá omi tútù, àánú yín á sì máa ṣe wọ́n lóòótọ́. Ẹ má da omi dídì sórí irin tó ṣì gbóná. Ó lè sán.

Ọkọ̀ tí iná ló ní, tí kò ní ọwọ́

Toyota Yaris àti Honda Fit wà lára àwọn tí kò ní géèjì yìí mọ́. Iná búlúù ni wọ́n ní, tó máa ń tàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù tó sì máa ń kú bó bá ti gbóná, àti iná pupa. Búlúù kò béèrè ju kí ẹ má tẹ ẹ́ńjìnnì jù. Pupa túmọ̀ sí pé kí ẹ dúró níbi tí ẹ wà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwọ̀n gan-an, kì báà jẹ́ géèjì tàbí iná ni ọkọ̀ rẹ̀ ní, ọ̀nà wà. Gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ìhò OBD-II lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níwájú orúnkún awakọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ ibẹ̀, tó ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀. Lórí fóònù yẹn lẹ ti máa rí ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń sọ gan-an, kí kọ̀ǹpútà tó pẹ́ ẹ sọ. Ẹ wò ó ní ọjọ́ tí ara ọkọ̀ yá, kí ẹ sì mọ ibi tó máa ń dúró sí. Bí 90°C bá ń di 98°C lójú ọ̀nà tí ẹ ń gbà lójoojúmọ́, nǹkan ti ń yí padà, bí ọwọ́ géèjì tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́.

Bí ẹ bá lọ ra tókúnbọ̀

Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì àti họ́ọ̀sì òkè kí wọ́n tó ṣíná rẹ̀. Bó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti tan án kí ẹ tó dé. Ẹ ní ẹ máa padà wá lọ́jọ́ mìíràn láìsọ ìgbà. Ọkọ̀ tó tutù lẹ fẹ́ rí. Kí ẹ sì ṣí ìdérí rẹdiétọ̀ rẹ̀ nígbà tó tutù yẹn: omi tó rí bí ẹrẹ̀ pupa ń sọ pé kò rí kúláǹtì rí, ọ̀rá ọ́ìlì lórí omi ń sọ ti gásíkẹ́ẹ̀tì.

Kí wọ́n ṣíná, kí amúlétutù wà ní pípa. Bí fáànù bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n ti so ó ní dáríẹ́ẹ̀tì, tàbí kí sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́ tí kọ̀ǹpútà sì ń tan fáànù kó má baà sí ewu. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́ níbi tó dúró sí. Ọwọ́ géèjì ní láti kúrò ní C díẹ̀díẹ̀, kó dé àárín, kó dúró. Lẹ́yìn náà ni fáànù á tan fúnra rẹ̀, á sì tún kú fúnra rẹ̀. Ẹ dúró wò ó títí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ẹni tó ń tà á tilẹ̀ máa wo aago. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ gbé e jáde lọ sójú ọ̀nà tó tú. Bí ọwọ́ bá rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹ bá ti ń sáré, tó tún gòkè bí ẹ bá dúró, ẹ béèrè tẹ́mọ́sítáàtì.

Bí ẹ bá padà dé, kí wọ́n pa á, kí ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìṣíná ẹ́ńjìnnì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ní iná pupa ìgbóná, iná náà á tàn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á sì kú, kó lè fi hàn pé gílóòbù òun ṣì wà láàyè. Bí àwọn iná yòókù bá tàn tí òun nìkan ò tàn, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ ọ́.